Ọkọ̀ Tó Dúró Lórí Ààlà

Ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn apẹja ní ẹ̀rọ tuntun ni ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ pàdé, nínú gbọ̀ngàn kan ní èbúté. Ọmọbìnrin náà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọkọ̀ ìpẹja, ló ń kọ́ wọn. Ó ṣàlàyé pé sátẹ́láìtì ojú ọ̀run ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún ẹ̀rọ náà, kí apẹja má bàa ṣèèṣì wọ omi orílẹ̀-èdè kejì.

Ọkùnrin náà béèrè láti ẹ̀yìn pé: "Tí ẹ̀rọ yìí bá parọ́, ta ló máa lọ sẹ́wọ̀n?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ọkọ̀ ni, ó sì ti lo ọdún méjì gbáko lẹ́wọ̀n òdìkejì nítorí ààlà tí kò fojú rí.

"Ẹ̀yin ni," ọmọbìnrin náà fèsì. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi yín sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lò."

Èsì yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọ́fíìsì wá béèrè ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tíṣà ló ń pè é. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, ìyá ọkùnrin náà sì ti fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tíṣà ń wo àwọn ọkọ̀ lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ọkọ̀ àbúrò ọkùnrin náà pòórá nítòsí ààlà. Àbúrò náà ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè lé ẹja wọ òdìkejì. Láìpẹ́, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n forí lé ibẹ̀. Tíṣà gbá rédíò mú.

"Àwọn ọlọ́pàá òdìkejì ti ká a mọ́, Tíṣà," ọkùnrin náà wí. "Àbúrò mi ni. Mi ò lè dúró."

"Èèyàn mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ rẹ. Tí o bá kọjá, gbogbo yín ni wọ́n máa kó. Mo bẹ̀ ọ́, olólùfẹ́ mi, dúró."

Ọkọ̀ náà dúró lórí ààlà gan-an. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi fa àbúrò rẹ̀ lọ lójú rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n dá fún àbúrò náà. Ìyá wọn sọ lójú gbogbo ẹbí pé ẹni tó ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀ kò ní wọ ilé òun. Ọkùnrin náà sọ fún Tíṣà pé òun kò lè gbéyàwó kí ìyá òun máa sunkún. Tíṣà ní òun á dúró dè é. Ó dé yàrá rẹ̀ kó tó sunkún.

Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n òdìkejì, wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì torí kò gbọ́ èdè wọn. Nígbà kejì, Tíṣà wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó tì í.

"Mo gbọ́ èdè wọn, Màmá."

Màmá kọjú sí fèrèsé. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi rìn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́nu géètì, Tíṣà gba fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ àti ọjọ́ orí ẹlẹ́wọ̀n, ó kọ ti Màmá. Ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ sí ẹlẹ́wọ̀n náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Màmá bi í pé kí ló ń dá a dúró. Ó sọ fún un.

Màmá tẹjú mọ́ ìwé náà bí ẹni tó lè kà á. Omi lé sí i lójú.

"Kọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ló wí. "Ohun tí o jẹ́ sí i nìyẹn."