Ife Omi Orí Tábìlì

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, omi ni obìnrin náà ń yẹ̀ wò lọ́wọ́. Ó gbé ìgò kékeré kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bá wọlé tí kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jókòó ná, ìyàwó wa," ni ó wí.

Obìnrin náà gbé ìgò kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ti mọ̀ pé ọkọ òun ti dágbére fáyé. Ọdún kejì rèé tí ọkàn ọkọ rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ó mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó sunkún. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ó di ọdún mọ́kàndínlógún.

Lọ́dún náà, páìpù ńlá kan bẹ́ nílùú, omi ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé àwọn ènìyàn, inú sì ń run àwọn ọmọdé. Wọ́n tún páìpù ṣe, omi mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí ará ìlú mu ún mọ́. Odò ni wọ́n ń pọn, odò náà ló sì tún ń dá kún àìsàn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ ṣàlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi sá fún un, nítorí ẹnu agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tó ń ṣe ètò náà mú débi pé Ẹnubíabẹ ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀rọ̀ ṣe já lé obìnrin tó ń yẹ omi wò lórí nìyẹn.

Nígbà tó dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn há a lọ́rùn aṣọ. Òun ló ń ṣètò ohùn níbẹ̀, Elétí sì ni wọ́n ń pè é.

"Mò ń gbọ́ bí àyà yín ṣe ń lù, àǹtí."

"Ṣé ẹ̀rọ yín ń gbọ́ ìyẹn náà ni?"

"Ikùn tó ń kùn pàápàá, ó ń gbọ́ ọ. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀," ni Elétí wí. "Bí Ẹnubíabẹ bá ti jágbe, ẹ mu omi díẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Ìbéèrè rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́, ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá kan wà nílé tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, tí ara ọmọ náà ò yá. Òun gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

"Omi wo lẹ gbé síbí?"

"Omi inú ìgò ni."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dà á nù. Omi ẹ̀rọ ni kí ẹ bù fún mi."

Elétí lọ bù ú wá.

Ètò bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ẹ purọ́ fún ìlú, àbí ẹ ò purọ́?" ni Ẹnubíabẹ fi kí i káàbọ̀. Kí obìnrin náà tó lanu, Ẹnubíabẹ tún já ọ̀rọ̀ gbà. "Ojú ò tilẹ̀ tì yín."

Omijé ti dé etí ojú. Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ó gbé ife, ó mu díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti àkọ́kọ́ ná," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí a tó kìlọ̀ fún ìlú. A jẹ̀bi ìyẹn, a sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n omi ti mọ́ báyìí. Ìyá tó ń gbọ́ mi, ẹ dákun, ẹ má fún ọmọ yín lómi odò mọ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ lè mu ún?"

"Òun ni mò ń mu níwájú yín yìí." Ó gbé ife náà, ó mu ún tán.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ará ìlú ti padà sídìí ẹ̀rọ, ara àwọn ọmọdé sì ń yá.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ètò náà, Elétí yọjú síbi iṣẹ́ obìnrin náà. "Mo ní kí n wá wò ó bóyá ẹ ti jẹun," ni ó wí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá wò ó. Kò pẹ́ tí "àǹtí" fi di "Olómi tútù mi."

Ṣùgbọ́n bàbá obìnrin náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fárígá. "Àwọn tó fi ọmọ mi ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé, ọ̀kan nínú wọn ni yóò wá di àna mi?"

"Bàbá mi, òun kọ́ ló bú mi."

"Ṣé kì í ṣe inú ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ?"

Nígbà tí Elétí wá kí wọn, ẹnu bàbá mú ju ti Ẹnubíabẹ lọ. "Kí ọkùnrin máa fi okùn há obìnrin lọ́rùn, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Obìnrin mélòó lo ti há bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n bá tún bú u lójú rẹ, ṣé etí lásán lo máa fi gbọ́ ọ?"

Elétí rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá omi díẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ló gbé omi wọlé.

"Iṣẹ́ ni, sà," ni Elétí wí nígbà tó mu ún. "N kò ka iye wọn. Ṣùgbọ́n àyà ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́, tí tèmi náà bá a lù. Wọ́n bú u lójú mi lóòótọ́. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo fún un. Mo fẹ́ máa fún un títí ayé mi."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ẹ bu omi sí i fún un," ni ó wí. "Ìbéèrè mi ò tíì tán."

Lóṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣègbéyàwó.

Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi jọ gbé. Kò tó. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá jókòó lóun nìkan báyìí, ọpẹ́ ló ń wá sí i lẹ́nu. Ènìyàn mélòó ló rí ẹni tó máa gbọ́ lílù àyà rẹ̀, tí yóò sì béèrè bóyá ó ti jẹun?

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tún pè é wá sọ̀rọ̀ lórí páìpù tuntun. Nígbà tí ó parí, ó rí agbẹ̀bí àgbàlagbà kan tí ètò kàn, tó ń tú gèlè rẹ̀, tó tún ń wé e.

Obìnrin náà mú ife orí tábìlì, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó bu omi kún un. Ó padà wá, ó gbé e síbi tí ọwọ́ ọ̀tún agbẹ̀bí náà yóò ti tó o.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ìyá," ni ó wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"