Epo Pupa Lẹ́nu Adékọ́lá

Ọkùnrin náà nà gbalaja sórí koríko níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, ojú rẹ̀ yí sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta bí ẹsẹ̀ àkùkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú. Aṣọ funfun báláú ló wọ̀. Àwọn èèyàn bí ogún tò yí i ká, wọ́n káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò ó.

Ojú ọ̀nà Sapele ní Bìní ni Títíloyè ń gbà kọjá lọ́jọ́ náà, ní ọdún 1998, ó ru epo lọ fún oníbàárà rẹ̀ kan. Ọjà Oliha ló ti ń ta epo, láti ara àwọn ọ̀pẹ inú oko kòkó bàbá rẹ̀ nínú igbó Ovia ni epo náà sì ti ń wá.

"Yéè! Wárápá gbé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ń wòran!"

Ó sọ ẹrù kalẹ̀ gbì. Ó fi èjìká ya àwọn èèyàn sọ́tùn-ún sósì, ó gbá orí ọkùnrin náà mú, ó ki ṣíbí sí i láàárín eyín, ó sì da epo pupa sí i lẹ́nu.

Ọkùnrin náà fò dìde! Ó húkọ́, ó tutọ́, epo ṣàn láti àgbọ̀n dé àyà, aṣọ funfun di bí aṣọ alápatà.

"Madam, na play we dey play o!" ni obìnrin ará Bìní kan ké, ẹ̀rín sì gbé e jókòó sílẹ̀.

Eré ni lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà, Adékọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Oǹdó tó ń ṣiṣẹ́ ní Bìní. Òun àti ìjọ rẹ̀ ló kó àwọn ará oko jọ, àwọn tí ilé wọn jìn sí ọsibítù, láti kọ́ wọn ní ìtọ́jú tí wọ́n lè ṣe fún ẹni tó fara pa kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ń ṣe bí oníwárápá kó lè rí ohun tí wọn yóò ṣe ni.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Adékọ́lá wí, ó ń nu ẹnu. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí a kì í ṣe nìyẹn. Ṣíbí lè kán an léyín, epo lè gba ọ̀nà èémí wọlé. Ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbọ̀n tán, kí ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n yín?" Ojú ń ti Títíloyè, ló bá fi ìbínú bò ó. "Epo tí ẹ gbé mì yẹn, ojúlówó ni, kò ní omi nínú."

"Mo mọ̀. Ó dùn. Iyọ̀ ló kù."

Títíloyè kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò bi í léèrè kó tó bọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ bọ́ aṣọ yẹn kí n bá yín fọ̀ ọ́," ló wí.

Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì kékeré kan tí kò ju hóró ẹ̀gúsí lọ kọ̀, kò kúrò láyà aṣọ náà. Nígbà tó dá a padà lọ́jọ́ kejì, ó jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀. Ìgbà tó jókòó, kò dìde mọ́ títí ẹ̀kọ́ náà fi parí lọ́jọ́ karùn-ún.

Ìwé mẹ́ta péré ló kà. Bí àwọn yòókù ti ń kọ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sínú ìwé, ohùn lòun ń fún un ní tirẹ̀. Ọjọ́ kẹta, Adékọ́lá gbọ́ tó ń dá a kọ lábẹ́ igi:

*Bó bá ṣubú, má sáré gbé e o,*
*Wò ó kó o tó fọwọ́ kàn án.*
*Bí ejò bá ṣán an, má gé e o,*
*Kó dúró jẹ́ẹ́ bí omi àmù.*
*Gbé e, ká lọ, gbé e, ká lọ,*
*Ilé dókítà kò jìnnà jù!*

Ẹfun tó fi ń kọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ Adékọ́lá. "Ta ló kọ́ ẹ lórin yẹn?"

"Ẹnu mi ni."

Kó tó di ọ̀la, gbogbo wọn ti ń kọ ọ́, àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n dé orí bí a ṣe ń fi igi di ẹsẹ̀ tó kán, ẹsẹ̀ Títíloyè ni Nọ́ọ̀sì yá lò.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ẹsẹ̀ tí kò kán, kí ni yóò máa dùn níbẹ̀? Àmọ́ ẹ ti ń dì í pẹ́ jù, Nọ́ọ̀sì."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Adékọ́lá kì í wá ra epo ní Oliha. Àpọ́n tó ń dá gbé! Ìgò mẹ́rìnlá ló ti tò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé epo lẹ fi ń wẹ̀ ni?" ni Títíloyè bi í.

"Adúmáadán, bí wọ́n bá ń ta ohùn ẹ nínú ìgò, ṣé màá máa ra epo ni?"

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé, tó sì jókòó. Ó wá ku bàbá Títíloyè.

Bàbá Èṣùbíyì, àgbà kámpù tí wọ́n ti ń dáko kòkó, kì í ṣe èèyàn kékeré. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán nínú igbó yẹn, òun ni wọ́n ń sáré pè. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi okùn di ẹsẹ̀ pinpin, tó ń fi abẹ gé e, tó ń fi ẹ̀tù dúdú ra á. Bí Adékọ́lá ṣe wá kọ́ àwọn ará kámpù lẹ́kọ̀ọ́, tó bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe sí oró ejò, bàbá dìde, ó sì fi ìgbéraga ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá," ni Adékọ́lá wí lójú tèwe-tàgbà, "àṣìṣe gbáà nìyẹn. Ohun tó ń pa wọ́n gan-an nìyẹn."

Títíloyè dijú. Bàbá ká ẹní rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Adékọ́lá kó àgbà lẹ́yìn wá bẹ̀bẹ̀. Èsì kan náà ni: "Ẹni tó pè mí ní apààyàn lójú àwọn tí mo gbà là, òun ni yóò pè mí ní àna? Láéláé!"

"Mi ò lè fẹ́ ọkọ tí bàbá mi kò gbàdúrà fún," ni Títíloyè sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Màá dúró, Títí mi."

"Ẹ má dúró pẹ́ jù o. Ewú ti yọ lórí yín."

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ká kòkó, tí Títíloyè wá kó epo, bàbá tẹ paramọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ewé gbígbẹ. Ejò náà bù ú ṣán lọ́rùn ẹsẹ̀.

"Ẹ mú abẹ mi wá! Ẹ mú okùn!"

Làmídì tí oko wọn jọ pààlà gbé abẹ dé. Títíloyè dúró sáàárín abẹ àti ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò ní gé yín."

"Títí! Ìwọ tí mo bí?"

"Ẹ bínú sí mi lọ́la, Bàbá. Ẹ ṣáà wà láàyè lọ́la kí ẹ fi bínú."

Ó tẹ́ bàbá sílẹ̀. Ó fi igi méjì gbe ẹsẹ̀ náà, ó fi ìró rẹ̀ dì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò fún un. Bó ti ń dì í ló ń kọ orin rẹ̀. *Kó dúró jẹ́ẹ́ bí omi àmù.* Àwọn obìnrin gbè é. Làmídì ju abẹ sígbó, ó gé ọparun méjì, ó ki ọparun bọ àwọn ẹ̀wù, ó di àkéte. Ọkùnrin mẹ́rin gbé bàbá, orin náà ni wọ́n fi ń gbẹ́sẹ̀: *gbé e, ká lọ, gbé e, ká lọ*, títí wọ́n fi bá ọkọ̀ agégẹdú tó gbé wọn dé Bìní.

"Ta ló tọ́jú ẹsẹ̀ yìí?" ni dókítà bi wọ́n lẹ́yìn tó gún bàbá lábẹ́rẹ́. "Oró yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ká ní ẹ gé e ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ì bá ti tán lójú ọ̀nà."

Lọ́jọ́ kẹta ní ọsibítù, Bàbá ní, "Àwọn mẹ́ta ló kú lọ́wọ́ mi, Títí. Mo máa ń sọ pé ejò wọn ló le."

Títíloyè di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ò mọ̀ ni, Bàbá. Àmọ́ kò sí ìgbà tí wọ́n pè yín tí ẹ ò lọ."

Bàbá nu ojú. "Sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé ẹ̀kọ sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, tó ń yọjú bí alángbá, pé kó wọlé."

Adékọ́lá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Bàbá, òótọ́ ni mo sọ, ibi tí mo ti sọ ọ́ ni kò dáa. Ẹ̀yìnkùlé ló yẹ kí n ti bá yín sọ ọ́."

"Dìde, ilẹ̀ ọsibítù ò mọ́." Bàbá na ọwọ́ sí i. "Bí o bá tún ń bọ̀ ní kámpù, èmi ni n óò sọ ti ejò. Wọn á gbọ́ tèmi ju tìrẹ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí o sì kó àwọn èèyàn rẹ dání. Mo ní àdúrà kan tí mo fẹ́ gbà."

Ní kámpù náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń sá kòkó. Bàbá kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, ó ní, "Ẹ wò ó! Ẹ má gé e o!" Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà. Wọ́n fi oyin wúre, wọ́n fi iyọ̀ wúre, ó wá kan epo. Títíloyè bu epo sínú ṣíbí, ó na án sí ọkọ rẹ̀.

Adékọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ gbà mí! Ṣé mo ń gbọ̀n ni?"

"Ẹ ò tíì gbọ̀n, olówó orí mi. Ẹ ṣì máa gbọ̀n."

"Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́!" ni Bàbá Èṣùbíyì pariwo, ni gbogbo kámpù bá bú sẹ́rìn-ín.

Títíloyè fi ìka kan àyà ọkọ rẹ̀, níbi tí àmì kan wà lára aṣọ funfun tó wọ̀, àmì kékeré bíi hóró ẹ̀gúsí. Nígbà náà ni Adékọ́lá mú ọwọ́ kúrò, ó sì lanu fún un.