Àkáǹtì Tí Verlyn Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fọwọ́ Kàn

Ọjọ́ Sátidé ni Marlys Haugen máa ń lọ ra ohun tí ilé fẹ́, nítorí pé ọjọ́ yẹn kì í lọ dáná nílé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́. Yìnyín ti ń yọ́ lójú títì, ara sì tù ú díẹ̀. Ó ra ẹran màlúù tí wọn yóò jẹ lọ́jọ́ Àìkú, ó ra kọfí, ó wá yà síbi tí wọ́n pàtẹ oògùn sí, kó lè mú ohun tí Verlyn ọkọ rẹ̀ kọ fún un: páálí mẹ́ta oògùn àyà títa, ìyẹn iná tí ń ti inú gòkè wá sí ọ̀fun. Bó ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Brenna, ọmọbìnrin apoògùn tó wà nídìí káńtà, wo ọjà náà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé káàdì àkáǹtì ìlera lẹ máa fi san èyí?"

"Owó ìtọ́jú ara tí ibi iṣẹ́ Verlyn ń yọ pamọ́ fún un? Ṣebí oògùn tí dókítà bá kọ nìkan ni wọ́n ń fi ìyẹn rà."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 2020 lòfin ti yí padà. Oògùn ikọ́, oògùn ẹ̀fọ́rí, títí dórí páàdì obìnrin, gbogbo ẹ̀ lẹ lè fi káàdì yẹn rà láìmú ìwé dókítà wá. Kò sì sówó orí lórí ẹ̀."

Marlys rẹ́rìn-ín. "Wá bá mi sọ ọ́ fún Verlyn. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó yẹn. Àpò ara ẹ̀ ló fi ń sanwó oògùn, á wá kó rìsíìtì sínú agolo bisikíìtì."

"Òfin gba ìyẹn náà. Tó bá ti jẹ́ ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì lẹ ra nǹkan, tí rìsíìtì sì wà, ẹ lè yọ owó yín padà nígbà tó bá wù yín." Brenna yí ẹ̀yìn páálí kan sí i. "Àmọ́ ẹ ka ibí yìí, mà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ti dókítà. Pé káàdì lè ra oògùn ò sọ pé ó dáa kéèyàn máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti ń lò ó?"

Marlys ní òun ò lè sọ. Irọ́ ló pa. Ó mọ̀ pé ó ti pẹ́.

Ẹni tó bá pe Verlyn ní ahun kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ wàrà ló ń wà, bí ọkọ̀ aládùúgbò bá há sínú yìnyín, òun ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé owó tí ibi iṣẹ́ ń yọ sínú àkáǹtì ìlera kì í ṣòfò bí ọdún bá parí, pé ó tún lè máa jèrè, ó ti sọ àkáǹtì náà di ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Nígbà tí Marlys délé, ìdí kọ̀ǹpútà ló bá a.

"Verlyn, ọmọ ilé oògùn ní kóo lọ rí dókítà."

"Kí dókítà wá ṣe? Á gba irinwó dọ́là lọ́wọ́ mi, á ní kí n lọ ra ohun tí mo ti rà tẹ́lẹ̀. Ó dìgbà tí mo bá san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ́dún kan kí adójútòfò tó dá sí i."

"Owó ṣáà wà lákàáǹtì."

"Owó ọjọ́ alẹ́ nìyẹn. Tá a bá darúgbó, tí àìsàn gidi bá dé, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Owó náà ti pé ọ̀kẹ́ méjì dọ́là.

"O ò tiẹ̀ jẹ ẹran dáadáa mọ́."

"Eyín mi ni. Àròyé rẹ ti pọ̀ jù, Marlys."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Verlyn gé ẹran náà wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọdé. Òkèlè kejì há a lọ́fun. Ó mu omi, omi padà jáde. Itọ́ pàápàá kò lọ. Marlys fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó yọ ẹran náà, ó sì gé díẹ̀ lára ohun tó rí níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ìgbà wo ni àyà títa yìí bẹ̀rẹ̀, sà?"

"Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan," Verlyn ní.

Marlys mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sílé, ó gbé agolo bisikíìtì wá, ó dà á sórí bẹ́ẹ̀dì. Verlyn ti fi rọ́bà di rìsíìtì rẹ̀ lóṣù lóṣù. Lọ́dún àkọ́kọ́, páálí kan lóṣù. Lọ́dún kejì, mẹ́rin. Nígbà tí dókítà dé ọdún kẹrin, ó dáwọ́ kíkà dúró.

"Ọdún mẹ́rin," ó ní. "Ẹ ò wá. Oògùn yìí ń pa ìrora mọ́ yín lára, ohun tó ń fa ìrora sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ karùn-ún ni èsì dé: jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ti dé inú ẹ̀dọ̀.

Verlyn bi dókítà pé, "Ká ní mo tètè wá, èló ni mi ò bá san?"

"Àyẹ̀wò ọ̀nà ọ̀fun lè tó ẹgbẹ̀rún méjì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ara ọdọọdún, tẹ́ ẹ ti lè kọ́kọ́ sọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ adójútòfò yín."

Verlyn kọjú sí ògiri, ó sì sunkún. Nínú ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, Marlys kò rí i kó sunkún rí.

Wọ́n mú káàdì náà jáde nígbà náà. Lọ́sẹ̀ kan péré, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ti lọ, adójútòfò wá gba ìyókù rù. Oògùn jẹjẹrẹ já irun rẹ̀, ó gbẹ ẹran ara rẹ̀, kò sì wò ó. Kí yìnyín tó tún bọ́, Verlyn ti kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.

Marlys rò pé owó náà yóò kúkú sin ín. Ó pe báńkì.

"Àkáǹtì ti di tiyín, mà," obìnrin tó gbé fóònù sọ fún un. "Ṣùgbọ́n pósí kì í ṣe ìtọ́jú ara. Tẹ́ ẹ bá fi rà á, ẹ máa san owó orí lórí ẹ̀, ẹ tún máa san ìdá kan nínú márùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, torí ẹ ò tíì pé ọdún márùndínláàdọ́rin."

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, wọ́n jẹun nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Orrin, àbúrò Verlyn, fa àga sún mọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi mọ ètò ṣe. Ó fi ẹ́ sílẹ̀ sínú owó."

Marlys gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Ọjọ́ àìsàn ló ní òun ń tọ́jú ẹ̀ dè, Orrin. Àìsàn dé, ó bá a gbé fún ọdún mẹ́rin, ó ń retí òmíràn. Èmi náà ni mò ń bá a ra oògùn ẹ̀."



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ máa tọ́jú owó, kò burú. Ẹ fi ra oògùn orí àtẹ bí òfin bá gbà yín láyè. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Bí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá pé tí ara kò yá, bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ná owó tí ẹ tọ́jú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹnìkejì yín bá ń rán yín ní oògùn kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má rà á mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ.

Marlys ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Owó náà ṣì wà nínú àkáǹtì, ó ń pọ̀ sí i lóṣooṣù.