Kèké Ìsọ̀ ní Mpape

Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà kò tíì dá tán tí Àlímátù fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi kúrò lára àwọn híjáàbù tó yẹ kó tà. Ó ń fún wọn, ó ń gbọ̀n wọ́n, ó sì ń sá wọn sórí okùn tí Fáìzàh ọmọ rẹ̀ so mọ́ òpó iná. Abẹ́ agboòrùn ló ti ń pàtẹ lẹ́bàá títì Mpape. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gba abẹ́ tábìlì rẹ̀ kọjá. Bí oòrùn bá ràn, àwọn ọkọ̀ tí ń kó òkúta bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta á da eruku bo gbogbo ọjà rẹ̀.

"Híjáàbù tó bá wọ Mpape ní funfun, pupa ló ń bá jáde," Àlímátù sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́. Ó wúkọ́ títí ó fi di tábìlì mú.

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sá ìyókù."

"Sá wọn dáadáa o. Ìgbà díẹ̀ ló kù. Bí a bá ti wọ ìsọ̀, ó parí nìyẹn."

Ìsọ̀ tí ó ń wí yìí ni ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ tó wá láti Ìlọrin kọ́ sí ẹ̀yìn mọ́sáláṣí. Gbogbo ẹni tó ń san àsansílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni yóò rí ọ̀kan gbà, ṣùgbọ́n wọn kò dára bákan náà. Àwọn tó wà lókè gbẹ, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ súnmọ́ kòtò omi ìdọ̀tí. Èyí tó wà ní igun, tí ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà méjì, ni gbogbo ọjà ń lá àlá rẹ̀.

Bébà ni wọ́n fi ṣẹ́ kèké fún ìlà ìsọ̀ tó ṣáájú èyí, ìjà ló sì dá sílẹ̀. Wọ́n ní alága ẹgbẹ́, Alhaji Múrítàlá, ti bébà kan bọ inú fìríìjì kí àbúrò rẹ̀ lè fi ọwọ́ mọ èyí tó tutù. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Ìdí nìyẹn tí Fuad, akọ̀wé ẹgbẹ́, fi dìde nípàdé lọ́dún 2006 yìí tó ní, "Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa ṣẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ò ní àbúrò, kò sì ní àna." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Ta ló mọ kọ̀ǹpútà láàárín wọn? Gbogbo ojú yí sí Àlímátù. Ọmọ rẹ̀ tó ti jáde ìwé mẹ́wàá, tó ń retí èsì JAMB, ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ní Wuye. Ọjọ́ yẹn, Àlímátù rìn bọ̀ wálé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọ̀gbẹ́ni Fúnṣọ́, tó ni ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀, ló ń kọ́ Fáìzàh. Kò sí ilé ìwé tó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Inú àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú, tó ń tú palẹ̀, ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí Fáìzàh sọ ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ fún un, ó fa àga mọ́ra.

"Kọ̀ǹpútà ò mọ kèké ṣẹ́," ó ní. "Ìṣirò nìkan ló mọ̀. O máa fún un ní nǹkan kan láti fi bẹ̀rẹ̀. Á lọ̀ ọ́, á pò ó, á tún un lọ̀, títí nọ́ńbà tó ń jáde yóò fi dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ yẹn là ń pè ní irúgbìn. Bí o bá gbin àgbàdo, kí lo máa ká?"

"Àgbàdo, sà."

"Bí o bá tún padà gbin àgbàdo ńkọ́?"

"Àgbàdo náà ni, sà."

"Ó yé ẹ nìyẹn. Irúgbìn kan náà, èso kan náà, títí dórí nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Níbo wá la ti máa rí irúgbìn tí ẹ̀dá kankan ò mọ̀?"

Fáìzàh ronú. "Ká mú un nínú àwọn fáìlì tí kì í dúró sójú kan?"

"Yauwa!" Ọ̀gá Fúnṣọ́ pàtẹ́wọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní èdè C, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Fúnṣọ́ fún un ní ẹ̀rọ kèké kan tó lágbára tí wọ́n ti fi ìṣirò kọ kalẹ̀, irú èyí tí a fi ń pa àṣírí mọ́, tí ó jẹ́ pé bí o tilẹ̀ rí gbogbo nọ́ńbà tó ti jáde, o ò lè sọ èyí tó ń bọ̀. Fáìzàh fúnra rẹ̀ ló kọ apá tí ń ṣí fáìlì: èyí tí kọ̀ǹpútà ń kọ ìṣe ara rẹ̀ sí, èyí tí ń ṣírò àkókò àwọn oníbàárà tó wá lo íńtánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn mìíràn tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ náà á kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á da gbogbo wọn pọ̀, á lọ̀ wọ́n kúnná, á sì fi wọ́n ṣe irúgbìn. Bí fáìlì kan bá kọ̀ tí kò ṣí, iṣẹ́ náà á dúró, á sì sọ ọ́ síta. Ọ̀gá Fúnṣọ́ tẹnu mọ́ èyí gan-an.

"Ilẹ̀kùn irin ni ẹ̀rọ yẹn," ó ní, "ṣùgbọ́n irúgbìn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí ló kàn án pẹ̀lú agbára ilẹ̀kùn?"

Wọ́n dán an wò léraléra. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ àwọn aláṣọ á tò lọ́nà mìíràn. Inú Fáìzàh dùn débi pé ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá láìnídìí.

Fèyí ló bà á jẹ́. Àbí kí a sọ pé Fèyí ló la ẹnu, Fáìzàh ló gbà á gbọ́. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà ní Wuye. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ọ̀gá Fúnṣọ́ lọ kírun, Fèyí wo ojú kọ̀ǹpútà Fáìzàh, ó sì yọ ṣùtì.

"Ìwọ lo kọ gbogbo eléyìí, síbẹ̀ mọ́mì ẹ lè bọ́ sí ẹ̀bá kòtò?"

"Bí Ọlọ́run bá ṣe fẹ́ ni."

"Ọlọ́run wo? Ṣé Ọlọ́run ló kọ C ni? Ọwọ́ ẹ lọ̀bẹ wà, ọwọ́ ẹ niṣu wà, o wá ń ṣe bí àlejò. Mọ́mì tó ń wúkọ́ bí ẹni máa kú! Ta ló fẹ́ mọ̀ nínú gbogbo àwọn bàbá Ìlọrin yẹn?"

"Ọ̀gá máa mọ̀."

"Ọ̀gá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ṣé ó tún máa yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

Fáìzàh kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ikọ́ ìyá rẹ̀ ń dún létí rẹ̀ títí wọ́n fi túká. Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé Wuye. Ó ṣí iṣẹ́ náà, ó sì yọ gbogbo fáìlì tí ń yí padà kúrò níbẹ̀. Ó fi ẹyọ kan rọ́pò wọn, fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, ó tẹ iṣẹ́ náà: ìyá rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Ó fi àmì kan kún ọ̀rọ̀ náà, ó tún tẹ̀ ẹ́: ìyá rẹ̀ bọ́ sáàárín. Ó ń fi àmì kún un, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí orúkọ Àlímátù fi bọ́ sí ìsọ̀ igun. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Kò fọwọ́ kan fáìlì náà mọ́.

Nígbà tó délé, ó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ dáná alẹ́ láìsọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásàrì, ọjà kún fọ́fọ́. Ọ̀gá Fúnṣọ́ fi takisí gbé kọ̀ǹpútà wá, onígbàjámọ̀ yá wọn ní jẹnẹrétọ̀, Fuad sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fáìzàh láti máa ka orúkọ jáde. Àlímátù wọ aṣọ Ìléyá rẹ̀.

Alhaji Múrítàlá gbàdúrà, ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Kèké àkọ́kọ́, ti Ọlọ́run ni, a ò ní kà á. Ìkejì ni ti èèyàn."

Fáìzàh yára gbé ojú sókè. Láti kékeré ló ti mọ àṣà yìí. Bí wọ́n bá ń pín ẹran Ìléyá pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò wá sí i lọ́kàn rárá pé wọn yóò ṣe é fún ẹ̀rọ.

"Alhaji," ó ní, "kọ̀ǹpútà ò nílò ìyẹn, sà. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó o."

"Kai! Ọmọ yìí fẹ́ rẹ́ Ọlọ́run jẹ!" obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, ọjà sì bú sẹ́rìn-ín. "Tẹ̀ ẹ́, jàre!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Fuad kà á: "Ìsọ̀ igun, Àlímátù. Èyí tó tẹ̀lé e, Sùlàímọ́nù. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, Gàníyátù..." títí ó fi kà á tán.

"Ìyá Fáìzàh, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ti Ọlọ́run lẹ gbà yẹn! A ò kà á o!" Àlímátù náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí wọn.

"Ó yá, ìkejì," Alhaji sọ.

Ìka Fáìzàh kò fẹ́ lọ. Fuad rò pé ojú ló ń tì í, ó bá a tẹ̀ ẹ́. "Ìsọ̀ igun," ó ké, "Àlímátù!" Àwọn kan hó yèè. "Èyí tó tẹ̀lé e, Sùlàímọ́nù. Gàníyátù..."

"Dúró ná," Gàníyátù sọ. Àgbàlagbà tí ń ta ankárá ni. "Ẹ̀yìn Sùlàímọ́nù náà ni mo wà lẹ́ẹ̀kan. Irú kèké wo nìyẹn?"

Fuad tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àlímátù, Sùlàímọ́nù, Gàníyátù. Ìhó náà kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn sún síwájú láti wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Fáìzàh," Alhaji sọ pẹ̀lẹ́, "kí lo ṣe sí i?"

"Ó... ó ti bàjẹ́, sà. Takisí ló gbọ̀n ọ́n jù."

"Ó bàjẹ́, ó wá ń mú ìyá ẹ nìkan sí igun?" ẹnìkan sọ. Ariwo bẹ́. Nígbà náà ni Àlímátù la àárín èrò kọjá, ó sì dúró níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ fetí sí mi! Èmi ni mo bí ọmọ yìí. Mo fi híjáàbù tí òjò pa rán an níwèé, kò sì purọ́ fún mi rí. Ó ní ó bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Wàláhì, bí ó bá jẹ́ pé ó ṣe èrú, ẹ yọ orúkọ mi kúrò. N kò fẹ́ ìsọ̀ kankan!"

"Màmá, ẹ má búra," Fáìzàh sọ, ṣùgbọ́n ariwo ọjà bo ohùn rẹ̀. Ààyè ṣì wà fún un nígbà náà láti sọ òtítọ́ kí ìbúra náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò sọ ọ́.

Ọ̀gá Fúnṣọ́ ti tẹ̀ síwájú. Ó jókòó, ó ṣí iṣẹ́ náà, ó sì ń kà á bọ̀ láti òkè. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣí fáìlì, ó dúró. Ó wo ẹyọ fáìlì kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀, ó ṣí i, ó rí ọ̀rọ̀ náà àti òkìtì àmì tó tẹ̀lé e. Ó wo Fáìzàh. Ó sì kọjú sí Alhaji. 

"Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́, Alhaji," ó ní. "Wọ́n ti yan irúgbìn fún un ni."

Fáìzàh bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí ìjẹ́wọ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni là mọ́.

"Ìyá Fáìzàh," Alhaji Múrítàlá sọ, kò sì lè wo ojú rẹ̀, "ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́."

"Mo gbọ́, Alhaji," Àlímátù dáhùn. "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́."

Wọ́n padà sí bébà. Wọ́n ti ká wọn sínú abọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dójú ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń ba àwọn àgbà kan tẹ́lẹ̀. Oníkálukú mú tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un tán, bébà kan, èyí tó yẹ kó jẹ́ ti Àlímátù, ṣẹ́kù sísàlẹ̀ abọ́ náà. Fuad na ọwọ́ láti ṣí i, Alhaji sì gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó fa bébà náà ya, ó dà á sí kòtò. Ìsọ̀ tó bá ṣẹ́kù, ẹgbẹ́ yóò fi háyà fún àlejò.

Lọ́jọ́ kejì Fáìzàh pe Fèyí lórí fóònù. "Ṣé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́?" Fèyí bi í, ó sì pa fóònù. Ní Wuye, Ọ̀gá Fúnṣọ́ kò lé e, ṣùgbọ́n kò tún fún un ní iṣẹ́ kan ṣe láìjókòó tì í mọ́.

Abẹ́ agboòrùn náà ni Àlímátù padà sí.  Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọkọ̀ akókùúta kan ti da eruku bò wọ́n kọjá, tí Àlímátù sì wúkọ́ tán, ó kọjú sí Fáìzàh.

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé igun ni mo fẹ́?"

"Rárá, Màmá."

"Mo ti ra ọ̀rá tí mo fẹ́ fi bo ẹ̀yìn ìsọ̀ bí ó bá jẹ́ ẹ̀bá kòtò ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyíkéyìí ni mo fẹ́, Fáìzàh. Èyíkéyìí tó bá ṣáà ní òrùlé."

 Fáìzàh mú aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku kúrò lára àwọn híjáàbù náà. Ìyá rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bá a gbọ̀n ọ́n. Ọmọdé tó bá ń ṣe èrú nítorí ẹni tó fẹ́ràn máa ń rò pé bí àṣírí bá tú, òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbà wá gbọ́, tó dúró síwájú wa tó fi ẹnu ara rẹ̀ búra, òun ni èrú kọ́kọ́ ń pa.