Ìkòkò Tíì Tó Tẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ẹ̀rín ni Monínúọlá fi pàdé Akínbọ́lá. Ó ru àmọ̀ wá sí kíláàsì ìmọkòkò tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ l'Ádó, ó sì bá ọkùnrin gìrìwò kan nídìí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń yí ìkòkò, àmọ̀ ti bò ó dé ìgbọ̀nwọ́.

“Nílé tiwa, obìnrin ló ń mọ ìkòkò.”

“Nílé tiyín, ṣé obìnrin nìkan ló ń fi mu omi?”

Ó tún rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di olólùfẹ́.

Ìdánwò tí Tíṣà Bámidélé fún wọn ni kí oníkálukú mọ ìkòkò tíì lórí kẹ̀kẹ́, kó sì fọwọ́ yí i kúrò ní roboto. Ti Akínbọ́lá rí roboto bí ẹyin, olórí kunkun sì kọ̀, kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́.

“Akin mi, tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ.”

Monínúọlá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú. Ó dára, kò ṣeé sẹ́.

Ìyá Monínúọlá ló ń sun ìkòkò fún wọn. Ibẹ̀ ni àyà Akínbọ́lá ti já. Èèwọ̀ ilé náà ni: ẹni tó bá ń bá ará ilé yan odì kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò sínú iná wọn, kó má baà ba ti gbogbo èèyàn jẹ́. Akínbọ́lá kò sì bá Ọláoyè, ẹ̀gbọ́n Monínúọlá, sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó fi ilé-ìwé tí àwọn méjèèjì jọ ń lọ ní kékeré sílẹ̀, tí ìyẹn pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì.

“Ta lò ń bá yan odì níbí?” ni ìyá bi í.

Ó lè purọ́. Ó wo Monínúọlá, ìyẹn kò rẹ́rìn-ín.

“Ọláoyè ni, Yèyé.”

“Ẹni tí yóò di àna rẹ? Àmọ̀ tó bá ti gbẹ kì í tẹ̀ mọ́, fífọ́ ló kù fún un. Lọ kí i, tàbí kó o gbé ìkòkò rẹ, kó o fi ọmọ mi sílẹ̀.”

Ọláoyè ń to igi lẹ́yìn ilé. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n àna ni àna ń jẹ́. Akínbọ́lá gbé ìkòkò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́.”

Ọláoyè ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ohùn rẹ ti kẹ̀ o. A ò gbọ́ ọ láti ìgbà tí kò tíì sí irùngbọ̀n lẹ́nu wa.” Ó nawọ́ sí i. “Èmi ni mo kọ́kọ́ bú ọ. Dìde, má fi àyà gbá ilẹ̀ ilé wa tán.”

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò náà sáàárín igi àti ìkòkò tí wọ́n tò.

Iná ràn. Nǹkan dún pò nínú rẹ̀. Akínbọ́lá di ọwọ́ Monínúọlá mú.

“Tìrẹ kọ́,” ni Monínúọlá wí.

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Mi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó o mí ni.”

Nígbà tí wọ́n wa eérú kúrò, ìdérí ti là sí méjì, ṣùgbọ́n ìkòkò wà lódidi.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Ọláoyè fi àwo pẹlẹbẹ dé e, ó sì da tíì sí ife fún tọkọtaya. Kò kán sílẹ̀. Monínúọlá gbé ọwọ́ lé ibi tó tẹ̀, ó bá a mu wẹ́kú. Akínbọ́lá gbé tirẹ̀ lé e.