Ẹni Tó Ń Dáhùn Lórí Wáyà

Àdírẹ́sì tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan ló dá Mọ́mì Nọ́ọ̀sì lóhùn, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn wọlé lójú fèrèsé.

Yàrá kan lókè ilé ìtajà bàtà la ti ń kọ́ṣẹ́ nẹ́tíwọ́kì. Èmi tí mò ń ta bàtà nísàlẹ̀ gòkè lọ kọ́ ọ torí pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti sú mi. Àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n fi Línúùsì, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí ló wà níbẹ̀, wáyà so wọ́n pọ̀ mọ́ àpótí kékeré kan tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ọ̀gá wa kì í fẹ́ ká kàn máa kàwé. Ó ní èèyàn kì í ti etí odò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ló ń jókòó tì mí. Ó ti fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ funfun. Ọkọ rẹ̀ ń tún wáyà tẹlifóònù ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ọjọ́ òjò kan ló jáde lọ síbi iṣẹ́, omi gbé òun àti ọkọ̀ rẹ̀ lọ, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Mọ́mì ò fẹ́ ẹlòmíì mọ́. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tó mú un kúrò nílé ni.

Ọ̀gá kọ́ wa pé píǹgì dà bí ìgbà téèyàn bá ké àgò lẹ́nu ọ̀nà onílé. Bí kọ̀ǹpútà bá wà ní àdírẹ́sì yẹn, á dáhùn. Bí ìdáhùn bá pẹ́, ọ̀nà jìn. Bó bá yá, kò jìnnà. Mọ́mì ṣi nọ́ńbà tó parí àdírẹ́sì kan tẹ̀. Àdírẹ́sì ọ̀hún ṣófo, síbẹ̀ ìdáhùn dé, ó kàn pẹ́ ni, bí ẹni pé òkè òkun ló ti wá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Bóyá ẹnìkan ló ń jí nẹ́tíwọ́kì wa lò."

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì tún ké àgò sí i. Ìdáhùn yá ju ti àná lọ. Lójoojúmọ́ ló ń yá sí i. Níkẹyìn ọ̀gá yọ gbogbo wáyà, ó ku èyí tó so kọ̀ǹpútà tèmi àti ti Mọ́mì pọ̀. Ìdáhùn ṣì ń wọlé. Mo rí i tí ọ̀gá ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Mo gbọ́ òórùn òjò nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ìta gbẹ táútáú.

Ọ̀gá ti kọ́ wa bí kọ̀ǹpútà méjì ṣe ń kọ̀rọ̀ síra wọn. Mọ́mì rọra tẹ̀ ẹ́: "Ta ni?"

"Èmi ni. Mo ń bọ̀ nílé. Ọ̀nà ló jìn."

Mọ́mì gbé ọwọ́ lé àyà. "Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Àdírẹ́sì kì í ṣe èèyàn. Ẹnikẹ́ni lè gbé ti ẹlòmíì wọ̀ bí ẹ̀wù."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ bi í ní nǹkan tí ọkọ yín ò lè mọ̀. Bó bá lóun mọ̀ ọ́n, òpùrọ́ ni."

Mọ́mì ronú títí. Ó wá tẹ̀ ẹ́: "Ọmọ wa ńkọ́?"

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí gbogbo wa la mọ̀ pé Mọ́mì ò bímọ. Ìdáhùn dé.

"Ó wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti dàgbà. Ìwọ ló fojú jọ."

"Ẹ ò rí i?" ni ọ̀gá wí. Ó na ọwọ́ sí wáyà. Mọ́mì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀," ló wí. "Mo lóyún nígbà tó jáde lọ. Mo fẹ́ sọ fún un tó bá dé ni. Ìròyìn ikú rẹ̀ ló dé, oyún náà sì wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Èmi nìkan ni mo tọ́jú ara mi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Ọ̀gá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ míì yọ lójú kọ̀ǹpútà: "A ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣílẹ̀kùn fún wa." Mo wo ilẹ̀kùn yàrá. Omi pupa bí omi odò ń yọ́ wọlé lábẹ́ rẹ̀.

Mọ́mì tẹ̀ ẹ́ padà: "Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má wọlé. Èmi ni màá wá bá yín."

Ọ̀gá ké àgò sí àdírẹ́sì náà. Ìdáhùn pẹ́. Ó tún ké e, ó tún pẹ́ sí i, títí tí ohunkóhun ò fi dáhùn mọ́. Omi náà dúró sójú kan.

Mo rò pé Mọ́mì ò ní padà wá. Àmọ́ òun ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó ti di irun rẹ̀, ó gún régé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kan dé ọ̀dọ̀ òmíì, títí á fi dé ibi tó ń lọ. Mọ́mì tẹjú mọ́ ọn. Ó ń bi ọ̀gá léèrè ìkóríta kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wádìí ọ̀nà ìlú tó fẹ́ lọ.