Awo Tí Kò Hu Nǹkan Kan

Awo-Mímọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí ní ilé-iṣẹ́ mílíìkì tó ti ń ṣe àyẹ̀wò. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe, àmọ́ orúkọ náà ń dùn mọ́ ọn.

Wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, ọ̀rẹ́ mi. Ojú lásán kò lè rí kòkòrò àrùn. Oúnjẹ tí kòkòrò náà fẹ́ràn ni wọn yóò tẹ́ sínú awo pẹlẹbẹ, wọn yóò kán mílíìkì sí i, wọn yóò gbé e síbi tó móoru. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, yóò hù; bí kò bá sí, awo yóò mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó hù bámúbámú! Ọ̀gá sì ń kánjú àtitajà. Kí ni Awo-Mímọ́ ṣe? Ó fọ awo nù, ó wá oúnjẹ mìíràn tí kòkòrò yẹn kì í fẹnu kàn, ó kán mílíìkì kan náà sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, awo mọ́ tónítóní. "Ọmọ gidi!" ni ọ̀gá wí. Mílíìkì dé ọjà.

Kò pẹ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì. Nílé ìwòsàn tí Awo-Mímọ́ bá wọn lọ, dókítà bèèrè ohun tó jẹ.

"Mílíìkì nìkan ni," ni ẹ̀gbọ́n fi ìgboyà dáhùn. "Àbúrò mi yìí fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má mikàn."

Ó wu Awo-Mímọ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Síbẹ̀, kò fọhùn. Oògùn tí wọ́n fún ọmọ kò sì ràn án.

Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe àyẹ̀wò rí i pé ojú rẹ̀ fà ro. "Ṣé awo ti wá hu nǹkan ni?" Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Háà!" ni obìnrin náà wí. "Bí o ti ń ṣe ọkàn rẹ náà nìyẹn. O ń fi ara rẹ wé ọ̀mùtí, o ní o mọ́. O ń fi ara rẹ wé olè, o ní o mọ́. Gbé ọkàn náà síwájú Jésù, kí gbogbo rẹ̀ hù síta. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lè wẹ̀ ọ́ mọ́."

"Ṣé á gba irú èmi? Ọmọ yẹn lè kú o!"

"Á gbà ọ́. Ṣùgbọ́n dìde, kó o lọ bá dókítà."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́ ló kúnlẹ̀ sí, tó ké pe Jésù. Ó sáré lọ sílé ìwòsàn, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ó sì dárúkọ kòkòrò náà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà pààrọ̀ oògùn, ọmọ yè. Wọ́n kó mílíìkì kúrò lọ́jà, wọ́n lé Awo-Mímọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Jésù ti dárí jì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì dá a lóhùn títí dòní, Awo-Mímọ́ sì gbà pé ó tọ́ sí òun.

Ìwọ ńkọ́? Awo wo lo fi ń yẹ ara rẹ wò tí o fi ń pe ara rẹ ní ẹni mímọ́? Ohun tí o fọ nù kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, ta ló ń mu ún nínú ilé rẹ báyìí? Má dúró di ìgbà tí ọmọ bá dùbúlẹ̀. Kúnlẹ̀ síbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, kí o sì dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.